Ọwọ́ Àrínọlá Tó Ń Gbọ̀n

Kí ọwọ́ Àrínọlá tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù rẹ̀ ní Ìrókò. Obìnrin jẹ́ẹ́ ni. Àwọn ìyàwó ilé máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí iná bá ń jó ilé ìdáná, Àrínọlá á kọ́kọ́ tún ìró rẹ̀ ró kó tó wá omi lọ. Kì í bínú sí yẹ̀yẹ́ náà. Á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á padà sídìí agbada gàrí rẹ̀, á sì máa fi igbá rò ó sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tí kò níbi kankan tó ń kánjú lọ. Gàrí rẹ̀ kì í jóná. Àwọn oníbàárà tó ń ti Ìbàdàn wá á ní dandan, èyí tí Ìyá Ṣeun, ìyẹn Àrínọlá, yan làwọn fẹ́.

Oyèkúnlé ọkọ rẹ̀, bíríkìlà ni, ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé. Nínú yàrá tó kọjú sí tiwọn ni Gbọ́njúbọ́lá wà, ẹni tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Jìmí. Opó ẹ̀gbọ́n Oyèkúnlé ni. Òun àti Àrínọlá ni wọ́n jọ ń ṣe gàrí. Wọ́n á jọ bẹ ẹ̀gẹ́, wọ́n á jọ gbé e lọ sídìí ẹ̀rọ, wọ́n á jọ gbé òkúta lé àpò rẹ̀ kí omi rẹ̀ lè ro dànù, bí ọ̀kan bá sì ń kù ú, èkejì á máa koná. Ìyá Jìmí ló kọ́ Àrínọlá níṣẹ́ náà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wọlé. Aláwàdà obìnrin ni, ẹ̀rín rẹ̀ a sì máa dé ojú títì.

Ohun kan wà láàárín àwọn méjèèjì tí wọn kò sọ rí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá. Nígbà tí Ìyá Jìmí parí ọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀, Bàbá Àgbà tó jẹ́ olórí ilé nígbà náà pe ìpàdé. Ó ní ọmọdé ṣì ni opó náà, ilé àwọn kì í lé ìyàwó jáde, àti pé ohun tí àwọn bá nílẹ̀ ni kí àbúrò ṣú opó ẹ̀gbọ́n. Ó wá yíjú sí Oyèkúnlé. Àrínọlá ń gbé omi mímu bọ̀ fún àwọn àgbà, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. Oyèkúnlé yún orí, ó wolẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n rò ó, Bàbá."

Ìpàdé tú. Oyèkúnlé kò tún mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà mọ́, Ìyá Jìmí kò mẹ́nu kàn án, Bàbá Àgbà fúnra rẹ̀ kú. Ọdún ń gorí ọdún. Ṣùgbọ́n "Ẹ jẹ́ kí n rò ó" kò kúrò nínú Àrínọlá. Kì í ronú kàn án lójoojúmọ́. Ó kàn wà níbẹ̀ bí egungun ẹja kékeré tó há sí èèyàn léyín, tí ahọ́n á máa lọ kàn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ará ìlú jókòó sílé kí wọ́n lè kà wọ́n ni ara rẹ̀ yí padà. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo èèyàn ń bó, òun ń làágùn. Ó ń jẹun bí alágbàro, síbẹ̀ tòbí rẹ̀ kò dúró ní ìdí mọ́. Oorun dá lójú rẹ̀ lóru. Bó bá fi etí lé ìrọ̀rí, ohun tó ń gbọ́ ni àyà ara rẹ̀, gbì gbì gbì, bí ẹni tó ń sáré bọ̀ tí kò dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe mọ́ọ̀yàn. Gàrí jóná mọ́ ọn lọ́wọ́, ó sì fi igbá náà sọ ògiri. Oyèkúnlé bi í pé kí ló dé, ó bú sẹ́kún, kò sì mọ ohun tó ń sunkún fún.

Ẹni tí àyà rẹ̀ ń sáré bẹ́ẹ̀ kò ní gbà pé nǹkan kan kò lé òun. Á bojú wẹ̀yìn, á sì wá a títí tó fi máa rí i. Àrínọlá bojú wẹ̀yìn. Ó rí Ìyá Jìmí àti Oyèkúnlé tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ní àgbàlá nítorí ewúrẹ́ kan tó ki orí bọ inú ìkòkò. Ewúrẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n egungun ẹja yẹn yí nínú eyín rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n rò ó.

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Bí Oyèkúnlé bá yára jẹun, ibì kan ló ń lọ. Bó bá rọra jẹun, ó ti jẹun níbòmíràn ni. Ìyá Jìmí rí i pé ó ń rù, ó bu ọbẹ̀ ẹ̀gúsí ẹlẹ́ran ìgbẹ́ fún un. Ó ní, "Ìyá Ṣeun, jẹ ẹ́, o ti ń rù jù." Àrínọlá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó sì lọ da ọbẹ̀ náà sẹ́yìn ilé ní ibi tí àwọn adìyẹ ti ń jẹ̀. Ó jókòó ó ń wò wọ́n. Àwọn adìyẹ jẹ ẹ́, wọ́n nu àgógó wọn nílẹ̀, lọ́jọ́ kejì wọ́n tún padà wá síbẹ̀ bóyá wọ́n á rí òmíràn. Ǹjẹ́ ọkàn rẹ̀ wálẹ̀? Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí orúkọ òun ni wọ́n fi sè é, kì í ṣe orúkọ adìyẹ.

Ìjọ tí wọ́n ń lọ ni Ìjọ Aládùúrà Òkè Ìtùnú, lọ́nà odò. Láìwọ bàtà ni wọ́n ń jọ́sìn, nínú aṣọ àdúrà funfun tí ọrùn rẹ̀ ga dé àgbọ̀n. Wòlíì wọn, Bàbá Hezekiah, káfíńtà ni láàárín ọ̀sẹ̀, èèyàn dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àṣà kan wà nínú ìjọ náà tí n kò rí níbòmíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tí Ẹ̀mí fẹ́ fi ṣe aríran, wọ́n á ní kí olúkúlùkù tan àbẹ́là, kó nà án síwájú láìsọ̀rọ̀. Ẹni tí iná àbẹ́là rẹ̀ bá ń gbọ̀n nígbà tí kò sí afẹ́fẹ́, Ẹ̀mí ti bà lé ọwọ́ rẹ̀. Àwọn kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbọ̀n ọ́n, nítorí iyì ń bẹ lórí bẹ́ǹṣì àwọn aríran. Ṣùgbọ́n Wòlíì mọ ọgbọ́n yẹn. Á di ọwọ́ onítọ̀hún mú, á ní kó dá a dúró. Ẹni tó bá lè dá a dúró, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n.

Nígbà tí Bàbá Hezekiah dé ọ̀dọ̀ Àrínọlá, iná àbẹ́là rẹ̀ ń jó lọ jó bọ̀, ìda rẹ̀ ń kán sílẹ̀. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Arábìnrin, ẹ dá a dúró." Àrínọlá gbìyànjú, kò ṣeé ṣe. Wòlíì gbọ́ bí iṣan ṣe ń sáré lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀, ó rí i bó ṣe là sílẹ̀ rekete tí ó sì ń dán. Ó rí i pé ó ti rù, ó sì rò pé ààwẹ̀ ló ń gbà. Ó yíjú sí ìjọ, ó ní, "Ẹ wá wo Ẹ̀mí tó ń sáré nínú ẹ̀jẹ̀ arábìnrin yìí." Wọ́n di àmùrè aláwọ̀ sánmà mọ́ ọn nídìí, wọ́n sì mú un jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé obìnrin yìí kò purọ́. Ohun tó bá ń bà á lẹ́rù ló ń sọ, ohun gbogbo ló sì ń bà á lẹ́rù nígbà náà. Ó ní kí wọ́n bo kànga kan nítorí ọmọdé. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n rí i pé pákó rẹ̀ ti jẹrà. Ìjọ kígbe halelúyà. Kò sẹ́ni tó rántí pé ó ti bẹ̀rù kànga mẹ́ta mìíràn tí nǹkan kan kò ṣe. Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ wá ń yà fún un lọ́nà. Ó dùn mọ́ ọn nínú díẹ̀, ó sì tún fura sí i pé kí ló dé tí wọ́n ń yà.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n débi pé àbẹ́là bọ́. Ó dìde, ó ní obìnrin kan wà nínú ilé tí òun ń gbé tó ti so ọkọ òun mọ́ etí aṣọ rẹ̀, tó sì ń jẹ ẹran ara òun díẹ̀díẹ̀. Wòlíì ní kó dárúkọ. Ó dárúkọ Gbọ́njúbọ́lá.

Àárín akọrin ni Ìyá Jìmí wà. Wọ́n ní kó jáde wá síwájú pẹpẹ kó jẹ́wọ́, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó jáde. Kò wo Wòlíì, Àrínọlá ló ń wò.

"Kí ni kí n jẹ́wọ́ rẹ̀?" ló bi wọ́n.

"Ohun tí ẹ mọ̀, Arábìnrin," ni Bàbá Hezekiah dáhùn.

"Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ̀ lọ́jọ́ tó bí Ṣeunfúnmi. Mọ́tò kò tètè dé. Ọwọ́ mi méjèèjì yìí ni ọmọ náà bọ́ sí."

Ẹlòmíràn ìbá gbọ́ èyí kó rọ̀. Àrínọlá gbọ́ ọ, àyà rẹ̀ tún sáré sí i. Ó rò ó lọ́kàn ara rẹ̀ pé, àṣé ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú mi láti ọjọ́ yẹn. Ẹ wo bí nǹkan náà ṣe burú tó, ó ń sọ oore pàápàá di ẹ̀rí.

Wọn kò lu Ìyá Jìmí, wọn kò sì sọ ọ́ lókò. Àwọn mọ̀lẹ́bí ọkọ rẹ̀ kàn ní kó lọ sinmi níbòmíràn títí ọ̀rọ̀ náà á fi tutù, gbogbo wa la sì mọ ohun tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Obìnrin tó ti wà nílé ọkọ láti ìgbà ọ̀dọ́, tó ti sin ọkọ síbẹ̀, kó ẹrù rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì. Ó lọ gba yàrá kan ní Ṣáṣá n'Íbàdàn, òun àti Jìmí ọmọ rẹ̀. Oyèkúnlé kàn bá a ru ẹrù dé ibùdó ọkọ̀. Àrínọlá dúró lẹ́yìn fèrèsé, ó rí bó ṣe ru ẹrù náà, ó sì fi ìyẹn pa mọ́ sínú.

Ó yẹ kí ara tù ú wàyí. Kò tù ú. Agbada gàrí wá di ti òun nìkan, kò sẹ́ni tó ń koná, kò sẹ́ni tó ń pa á lẹ́rìn-ín, àyà rẹ̀ sì ń sáré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọ̀tá bá ti lọ tí àyà ṣì ń já, a jẹ́ pé ọ̀tá náà kò lọ jìnnà. Níbo ni Oyèkúnlé ti ń ṣiṣẹ́ báyìí? Ajíbọ́dẹ ni, ó ń bá onílé kan mọlé. Ibo ni Ajíbọ́dẹ wà sí Ṣáṣá? Kò jìnnà rárá. Gbogbo rẹ̀ wá bára mu lójú rẹ̀.

Ó jẹ́ kí Oyèkúnlé jáde láàárọ̀, ó wọ ọkọ̀ tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Ní Ajíbọ́dẹ, ó ń béèrè ibi tí wọ́n ti ń mọlé títí ó fi débẹ̀, ó sì sá pamọ́ sẹ́yìn búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò jọ. Ó ń retí kí Ìyá Jìmí yọ pẹ̀lú abọ́ oúnjẹ. Ìyá Jìmí kò yọ. Oyèkúnlé ń to búlọ́ọ̀kù, ó ń fi okùn wọ̀n ọ́n, sìmẹ́ńtì kún ojúgun rẹ̀, ọkùnrin kan tó lo awò ojú sì dúró nísàlẹ̀ tó ń sọ fún un pé fèrèsé ti kéré jù. Onílé náà nìyẹn, Dókítà Ọláníran. Òun ló kọ́kọ́ rí etí gèlè lẹ́yìn búlọ́ọ̀kù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyáàfin. Ta lẹ ń wá?"

Oyèkúnlé yíjú, ó rí ìyàwó rẹ̀. Ojú tì í. Ó ní, "Ẹ má bínú, Dókítà. Ìyàwó mi ni, sà."

Oòrùn kò tíì mú, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ṣùgbọ́n òógùn ti mu bùbá Àrínọlá dé ìbàdí. Dókítà ní kó jókòó sórí pákó, ó fún un ní omi. Ife náà ń gbọ̀n, omi ń ta sí i lára. Dókítà wo ọwọ́ náà, ó wo ojú rẹ̀, ó wá wo ọrùn rẹ̀, nítorí kò wọ aṣọ àdúrà ọlọ́rùn gíga yẹn lọ́jọ́ náà. Ó béèrè bóyá òun lè di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ibi tí Bàbá Hezekiah ti dì í mú gan-an ló ti dì í mú. Ó wo aago rẹ̀, ó ń ka bí iṣan ṣe ń lù.

"Bí ẹ bá sùn, ṣé ẹ máa ń gbọ́ ìró àyà yín nínú ìrọ̀rí?"

Àrínọlá já ọwọ́ gbà. Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ṣeun, kí lẹ sọ fún un?"

"Èmi? Èmi gan-an kò mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó wò ó pẹ́. Ó rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ̀ lóòótọ́, nítorí òun kò sọ ọ́ fún un, kò sì sọ ọ́ fún Wòlíì pàápàá. Ta ló wá sọ fún ọkùnrin yìí? Dókítà ní kó wá bá òun ní ọsibítù, ó sì lọ. Ẹ má rò pé ìgbàgbọ́ ló gbé Àrínọlá dé ọsibítù. Ìfura ni. Ó fẹ́ mọ ibi tí ọkùnrin náà ti gbọ́ àṣírí òun.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó padà lọ gbọ́ èsì, Dókítà fún un ní dígí kékeré kan, ó ní kó wo ọrùn ara rẹ̀ bó bá ń gbé itọ́ mì. Ó rí nǹkan kan tó ń gòkè tó ń sọ̀ níbẹ̀.

"Gẹ̀gẹ̀ ni," ni Àrínọlá wí.

"Gẹ̀gẹ̀ kékeré ni. Kókó kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ní, ọpọlọ ló ń rán an níṣẹ́. Á máa da èròjà kan tí à ń pè ní họ́mọ́ònù sínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà yẹn ló ń sọ fún ọkàn bó ṣe máa sáré tó, tó ń sọ fún ara bó ṣe máa gbóná tó. Tiyín kò gbọ́ ti ọpọlọ mọ́, ó kàn ń dà á láìdábọ̀. Ọpọlọ náà wá ń gbà ju èyí tó lè gbé lọ. Ìdí nìyẹn tí oorun fi lọ, tí inú fi ń bí yín, tí ẹ̀rù fi ń bà yín láìnídìí."

"Kì í ṣe láìnídìí, Dókítà. Mo ń rí nǹkan."

"Kí lẹ ń rí?"

Ó da ojú dígí náà délẹ̀, Dókítà náà kò sì fi ipá bi í. Ó ní, "N kò mọ ohun tí ẹ rí, Ìyáàfin. Ohun tó ń mú àyà yín sáré nìkan ni mo mọ̀."

Ó gbé oògùn tí Dókítà kọ fún un délé, kò lò ó. Ó ń rò ó pé ta ló mọ ẹni tó rán ọkùnrin yẹn, ẹni tí ọkọ òun ń bá ṣiṣẹ́, ní ìtòsí Ṣáṣá. Níkẹyìn ó ní kí Oyèkúnlé kọ́kọ́ gbé ọ̀kan mì lójú òun. Oyèkúnlé gbé e mì, ó yọ ahọ́n kó lè rí i. Àrínọlá ń ṣọ́ ọ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe é ni pé ó ní oògùn náà korò. Lọ́jọ́ kejì, Àrínọlá bẹ̀rẹ̀ sí í lo tirẹ̀.

Kì í ṣe lọ́jọ́ kan ló bá a lára mu. Díẹ̀díẹ̀ ni òógùn ń dín kù, tòbí bẹ̀rẹ̀ sí í dúró nídìí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ó jí, ó rí i pé òun ti sùn láti alẹ́. Ó fi etí lé ìrọ̀rí, kò gbọ́ nǹkan kan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fẹ́ dìde kó lọ sọ fún Ìyá Jìmí. Ó ti fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ kó tó rántí pé Ìyá Jìmí kò sí nínú yàrá yẹn mọ́, ó sì rántí ẹni tó lé e. Ó padà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ojú tì í bí ẹni tó wà ní ìhòòhò.

Ní ilé ìjọsìn, àbẹ́là rẹ̀ dúró gangan. Àwọn èèyàn ń wò ó, wọ́n ń wo ara wọn. Ṣé ó ti ṣẹ̀ ni? Bàbá Hezekiah wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó gbọ́ bí iṣan rẹ̀ ṣe ń lọ jẹ́ẹ́.

"Arábìnrin, kí lẹ ṣe?"

"Oògùn òyìnbó ni mo ń lò, Bàbá."

"Ẹ fi oògùn pa Ẹ̀mí tó wà lára yín?"

"Bí tábúlẹ́ẹ̀tì bá lè pa á, Bàbá, ṣé Ẹ̀mí náà ni?"

Kò mọ̀ pé òun lè sọ bẹ́ẹ̀. Wòlíì kò bínú. Ó tú àmùrè náà nídìí rẹ̀, ó ká a jẹ́jẹ́, ó sì dúró pẹ́ kó tó lọ bá ẹni tó kàn. Èrò tèmi ni pé àwọn ọwọ́ mìíràn tó ti dì mú ló ń rò.

Oyèkúnlé ní tirẹ̀ kò lè pa ayọ̀ rẹ̀ mọ́ra. Ó ń sọ fún tará ilé tèrò ọ̀nà pé, "Àìsàn ni. Gẹ̀gẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀." Ó rọ gbogbo wọn lọ́rùn. Wòlíì kò jẹ̀bi, mọ̀lẹ́bí kò jẹ̀bi, Àrínọlá pàápàá kò jẹ̀bi, gẹ̀gẹ̀ ló jẹ̀bi. Wọ́n ní kí Àrínọlá fúnra rẹ̀ lọ mú Ìyá Jìmí padà wálé. Kó tó lọ, ó bi ọkọ rẹ̀ ní ohun tó yẹ kó ti bi í láti ọdún gbọọrọ.

"Nígbà tí Bàbá Àgbà ní kí ẹ ṣú Ìyá Jìmí, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ rò ó. Ṣé ẹ rò ó?"

Oyèkúnlé wò ó tìfura-tìfura. "Ṣé o ti lo oògùn rẹ lónìí?"

"Mo ti lò ó. Ẹ dá mi lóhùn."

Ó yún orí, bó ti yún un lọ́jọ́ náà. "Àgbàlagbà ló ń sọ̀rọ̀, kí ni mo tún lè sọ? Bẹ́ẹ̀ ni, mo rò ó. Kó tó di alẹ́ mo ti rò ó tán, mo sì ti gbé e jù sílẹ̀. N kò rò pé o gbọ́."

Àrínọlá yan gàrí, ó yan án bó ṣe máa ń yan án tẹ́lẹ̀, ó sì gbé e lọ sí Ṣáṣá. Lọ́jà Ṣáṣá, ibi tí àwọn Hausa ti ń já tòmátì ló ti rí Ìyá Jìmí lórí àpótí kan, tó ń ṣa èyí tó ti rọ̀ kúrò lára èyí tó ṣì le. Ìyá Jìmí rí i, kò dá ọwọ́ dúró. Àrínọlá kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti ìrọ̀rí, ti ẹ̀jẹ̀, ti kókó tó wà lọ́rùn, ti ọpọlọ tó ń gbà ju èyí tó lè gbé lọ. Ó ní kì í ṣe òun, àìsàn ni. Ó ní ilé ní kí wọ́n máa bọ̀.

Ìyá Jìmí ń ṣa tòmátì. "Mo gbọ́," ló wí nígbà tó yá. "Àìsàn ló ń dẹ́rù bà ọ́, mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo rí bí o ṣe ń rù, èmi náà mọ̀ pé ara rẹ kò dá. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyàwó ilé la jọ wà níbẹ̀, Àrínọlá. Àìsàn yẹn, ta ló dárúkọ mi fún un?"

Gbogbo ọ̀rọ̀ Dókítà ló ti há sórí wá, kò rí èyí tó bá ìbéèrè yìí mu. Ó lè ní Wòlíì ni. Ó lè ní Oyèkúnlé ni. Àyà rẹ̀ ń lọ jẹ́ẹ́, kò rí ohun tó lè di ẹ̀bi rù mọ́.

"Èmi ni, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí Bàbá Àgbà pe ìpàdé."

Ọwọ́ Ìyá Jìmí dúró fún ìgbà àkọ́kọ́. "Mo mọ̀. Mo rí ọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi. Mo ní ó máa bi mí lọ́la, mo ní ó máa bi mí lọ́túnla, o kò bi mí. Ká ní o bi mí ni, ǹ bá ti sọ fún ọ. Bàbá Àgbà ti kọ́kọ́ wá bá mi ní yàrá kí wọ́n tó pe ìpàdé yẹn. Mo sọ fún wọn, bí wọn ò tilẹ̀ gbà, pé mi ò ní bá ọ du ọkọ. Mo ní àbúrò mi ni ọ́."

Ìyá Jìmí fi ẹsẹ̀ ti apẹ̀rẹ̀ kan sún mọ́ Àrínọlá.

"N kò padà sí ilé yẹn mọ́, sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Dìde nínú ẹrẹ̀. Àwọn tó ti rọ̀ wà nínú èyí, bá mi ṣà wọ́n kúrò kí wọ́n tó ba àwọn yòókù jẹ́."

Àrínọlá jókòó, ó nawọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ náà. Omi ojú ń ro lé orí tòmátì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n rárá, ìyẹn ló sì dùn ún jù.